Bí ìdílé ṣe lè dáàbò bo ọmọ tó ń ronú àtipa ara rẹ̀

Nílé àgbẹ̀ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, oògùn kòkòrò tí wọ́n fi ń fín òwú ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ kó o kúrò nínú yàrá, ẹ tì í mọ́ inú àpótí, kí àgbà kan ṣoṣo mú kọ́kọ́rọ́ dání. Oògùn ìwòsàn náà ńkọ́? Bákan náà. Ìrònú ikú sábà máa ń le fún ìgbà díẹ̀; bí ohun èlò bá jìnnà, ọmọ a ráyè yè é.

Kí ẹni tí ọmọ fọkàn tán, ìbáà ṣe ìyá àgbà, wá bi í ní tààrà: "Ọmọ mi, ṣé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o pa ara rẹ?" Ìbéèrè yìí kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Ìbínú bàbá àti pípe gbogbo agboolé lé e lórí ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Ìtọ́jú ìdílé tí Guy Diamond, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó ń gba bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 16, dá lórí èyí gan-an: kí ọmọ sọ ohun tó dùn ún, kí òbí gbọ́ ọ parí láìjà á níyàn.

Bó bá ní òun ti mọ bí òun yóò ṣe ṣe é, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan rárá; ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.