Bí mo ṣe ṣètò ìsìn Kérésìmesì ní èdè Yorùbá ní yunifásítì wa

Yunifásítì wa kò tóbi. Bí wọ́n bá pe gbogbo wa jọ, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ilé ìsìn kan ṣoṣo gbà wá. Ìjọ ló dá a sílẹ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni à ń lọ sí chapel. A ó fi káàdì wa kan ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí kò bá sì wá yóò lọ wí tẹnu rẹ̀ lọ́dọ̀ alábòójútó họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun la wà. Yorùbá ni àwọn tó ń ta ọjà lẹ́nu géètì wa ń sọ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Síbẹ̀, fún ọdún méjì àtààbọ̀ tí mo fi jókòó nínú chapel yẹn, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ka ẹsẹ Bíbélì kan ní Yorùbá rí.

Oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi. Mo jẹ́ akọ̀wé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ran chaplain, àlùfáà ilé ẹ̀kọ́ wa, lọ́wọ́, a sì ń ṣèpàdé lórí ìsìn tí a máa ń fi parí sáà, Ẹ̀kọ́ Mẹ́sàn-án àti Orin Kérésì, níbi tí wọ́n ti ń ka ibi mẹ́sàn-án nínú Bíbélì, tí wọ́n sì ń kọrin láàárín wọn. Mo ní ṣé a ò lè ṣe é ní Yorùbá lọ́dún yìí. Kẹ́kẹ́ pa. Alága wa ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n fi ẹsẹ̀ ara mi gbé e lọ bá chaplain.

Ẹ̀bẹ̀ ló kún inú lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ. Mo fà á ya. Nínú èkejì, mo sọ ohun tó ń dùn mí gan-an. Mo ní Yunifásítì Bowen tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní Ìwó ní 2001, orúkọ Thomas Jefferson Bowen ló ń jẹ́, ajíyìnrere tí ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Mo ní Yunifásítì Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́, tó ti ara Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ti 1896 yọ, orúkọ ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 ló ń jẹ́, ẹni tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tí ìwé Róòmù tó túmọ̀ sì jáde ní 1850. Àwọn tó kọ èdè wa sílẹ̀ ni ìjọ fi orúkọ wọn pe yunifásítì. Ǹjẹ́ ó yẹ kí èdè náà di àlejò nínú chapel irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀?

Chaplain kà á tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn sórí tábìlì.

“Ṣé gbogbo ọmọ tó wà níbí ló gbọ́ Yorùbá?”

“Rárá, sà.”

“Kí lo fẹ́ ṣe fún àwọn tí kò gbọ́?”

N kò tíì ronú débẹ̀. Mo ní mo máa tẹ kókó ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n fún mi ní ọjọ́rú tó gbẹ̀yìn sáà, àádọ́ta ìṣẹ́jú péré, wọ́n sì ní kí orúkọ àwọn tó máa kàwé ti dé ọwọ́ àwọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Àádọ́ta ìṣẹ́jú kò gba ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní Truro, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1880, mẹ́sàn-án ni. Mo gé e sí mẹ́fà. Mo fi Jẹ́nẹ́sísì orí kẹta ṣíwájú, níbi tí Ọlọ́run ti pe Ádámù nínú ọgbà, mo sì rí i dájú pé Lúùkù orí kìíní, níbi tí áńgẹ́lì ti wá bá Màríà, wà níbẹ̀. Èyí yá.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni ìwé kíkà. Mo rò pé ẹni tó bá ti ń sọ Yorùbá nílé máa lè kà á. Mo mú èèyàn mẹ́fà, ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn, mo gbé Bíbélì ńlá tó wà lórí pẹpẹ ìwé chaplain fún wọn. Ẹ̀dà àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń gbé lọ sí ìsìn, tí ìkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ayé Crowther àtàwọn tó bá a parí iṣẹ́ náà ní 1884. “Enia” ló wà níbẹ̀, kì í ṣe “ènìyàn”. “Nwọn” ló wà níbẹ̀, kì í ṣe “wọ́n”. “Aiye”, “yio”. Ọ̀rọ̀ tó dá wa dúró jù ni “on”, tí a ń kọ ní “òun” lónìí. Bí ojú àwọn ọmọ wa bá ti kàn án, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹnu wọn fi ń pè é, gbogbo gbólóhùn á sì dojú rú.

Ẹni tó ń ka Jẹ́nẹ́sísì dé ibi tí Ọlọ́run ti sọ fún Ádámù ohun tí yóò máa fi jẹun. “Õgùn” ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú àmì kékeré tó ń jó bí ejò lórí lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó pè é ní “oògùn ojú rẹ”. Ó dúró, ó wò mí, ó béèrè pé, “Oògùn ojú kọ́? Kí ló kan oògùn ojú nínú oúnjẹ?” Òógùn ni, omi tó ń jáde lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Oògùn jẹ́ re dò dò. Òógùn jẹ́ dò mí dò. Àmì bí ejò yẹn ni àwọn àgbà fi ń sọ fún òǹkàwé pé fáwẹ̀lì méjì ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó kọ́ wa rí. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ló mọ̀ létí, ojú rẹ̀ ni kò tíì rí wọn rí.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé mo máa da ẹ̀kọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọ sí àkọtọ́ òde òní, èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, kí n sì fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀. N kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni mo fẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́, ìkọsílẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo tún ṣe. Ó gbà mí ní alẹ́ mẹ́rin, láàárín wákàtí tí a fi ń ka ìwé wa àti ìgbà tí wọ́n ń pa iná họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Ọmọ Àkwà Ìbọm kan ni èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé yàrá. Èdè Ibibio ni wọ́n ń sọ nílé wọn, Yorùbá tó gbọ́ kò ju èyí tó fi ń ra ẹ̀wà lọ. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń fi àmì sí i, ó ní kí ni wọ́n wà fún. Mo ṣàlàyé pé èyí tó lọ sókè, ohùn òkè. Èyí tó wá sílẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀. Ibi tí kò bá sí nǹkan, àárín ni. Ó ní èdè àwọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba bébà náà lọ́wọ́ mi, ó sì ka ìlà mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀, ohùn rẹ̀ jẹ́ dò níbi tí dò wà, ó jẹ́ mí níbi tí mí wà. Ẹ̀rù bà mí. Ó kà á ju àwọn mẹ́fà tí mo yàn lọ.

Mo ro ìdí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Àwa tí a gbọ́ èdè kì í wo àmì. A ó rí lẹ́tà méjì àkọ́kọ́, a ó fi èyí tó kù méfò, bí àfọ̀ bá sì bọ́ sí ọ̀nà mìíràn, a ti ṣìnà kí a tó mọ̀. Òun kò ní ohun tó lè fi méfò, ohun tó wà lórí bébà ló ń tẹ̀ lé. Láti ìgbà náà ni mo ti yí bí a ṣe ń dánra wò padà. Kí òǹkàwé tó ka ẹsẹ kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi dò re mí nìkan kọ ọ́ lórin, láìpe ọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n kọ́kọ́ kùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ń fúnra wọn bá ara wọn wí. Mo sì ní kí ọmọ yàrá mi máa wá jókòó tì wá, kó máa fi ìka tọ bébà bí ẹni kan bá ti fo àmì.

Orin náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí èèyàn bá fi ohùn orin òyìnbó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ohùn orin á máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ń lọ sílẹ̀, ìtumọ̀ á sì fọ́. Torí náà mo fẹ́ native air, irú èyí tí Kánọ́ọ̀nù J. J. Ransome-Kuti lọ gbà sílẹ̀ sórí àwo ní Lọ́ńdọ̀n ní 1922, tí ohùn orin ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Àwọn akọrin wa kò mọ ẹyọ kan. Ìyá kan tó ń bu oúnjẹ fún wa ní káfẹ́ ló gbà wá sílẹ̀. Mo ti máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rọra kọrin nídìí ìkòkò. Mo lọ kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ máa lè dúró gbè é? Gbígbè ló ni orin yẹn o.” Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nínú káfẹ́ tí wọ́n ti gbá, wọ́n ń lé, àwa ń gbè. Wọn kò gbà kí a mú bébà dání.

Ọ̀rọ̀ ìwé títẹ̀ kì bá máà gùn, àmọ́ owó lọ síbẹ̀. Lórí fóònù, kíbọọ̀dù Yorùbá ti Google ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Mo gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé nítòsí géètì, ẹ̀dà àkọ́kọ́ sì jáde pẹ̀lú àpótí kéékèèké níbi gbogbo tí ẹ́ àti ọ̀ yẹ kó wà. Lẹ́tà tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀ kò ní ààyè tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣe ni fọ́ǹtì ń kó wọn jọ, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Mo padà lọ sọ ọ́ di PDF pẹ̀lú fọ́ǹtì tirẹ̀ nínú, ó sì jáde bó ṣe yẹ. Ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà, tẹ̀yìn tojú, ₦100 lọ́kọ̀ọ̀kan: ₦30,000. Àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ la dá a.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsìn, ẹni tó yẹ kó ka Lúùkù gba exeat, ìwé àṣẹ láti jáde, lọ sílé, ara bàbá rẹ̀ kò yá. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ ẹ̀kọ́ yẹn àfi ẹni tó ti ń fi ìka tọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó béèrè pé ṣé àwọn èèyàn kò ní fi ohùn òun ṣẹ̀sín, mo ní kò sí ẹni tó máa ṣẹ̀sín ohun tó bá gún régé.

Ó jáde síwájú pẹ̀lú bébà náà lọ́wọ́ méjèèjì. Chapel parọ́rọ́. Ó dé ẹsẹ karùndínlógójì, ìdáhùn áńgẹ́lì sí Màríà. Ẹsẹ yẹn kan náà ni Crowther fi wàásù ní Freetown ní oṣù kìíní 1844, nígbà tó ṣe ìsìn Yorùbá fún àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú bíi tirẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé “Kí ó ṣẹ” ni wọ́n fi ń dáhùn dípò Àmín. Mo ti tẹ ìdáhùn yẹn sí ìparí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ìlà iwájú nìkan ló dáhùn. Nígbà tí ọmọ yàrá mi parí ti Lúùkù, ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ káfẹ́ tó dúró lẹ́yìn ló ti kọ́kọ́ jáde, “Kí ó ṣẹ!”, gbogbo chapel sì gbà á.

A kọjá àkókò wa pẹ̀lú ìṣẹ́jú méje. Chaplain kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣa bébà tó kù nílẹ̀, mọ́kànlélógún ni mo kà. Àwọn tó kù ti bá èèyàn lọ. Ìyá káfẹ́ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀dà tiwọn wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n nà án jìnnà sí ojú. Wọ́n ní ó dára, àmọ́ lẹ́tà rẹ̀ ti kéré jù fún àwọn, ṣé kò lè tóbi díẹ̀ sí i? Mo padà sí ibi ìtẹ̀wé lọ́jọ́ kejì. Mo sọ lẹ́tà rẹ̀ di ìwọ̀n 20, ojú ìwé méjì wá di márùn-ún, mo sì gbé e fún wọn nígbà tí mo lọ gba oúnjẹ ọ̀sán.