Bí okùn líle inú itan mi ṣe rọ̀

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí wọ́n fi iná lésà dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ẹsẹ̀ òsì mi ni ẹ̀rù bà mí. Ohun kan le gbagidi nínú itan mi bí okùn, ó ń fà mí bí mo bá na ẹsẹ̀. Dókítà tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní iṣan tí wọ́n dí náà ló gan, yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní bí ẹsẹ̀ bá wú lójijì tó ń gbóná, tàbí tí èémí mi bá ń gé, kí n sáré wá.

N kò mọ bí a ṣe ń lo ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀. Ọ̀sán ni mo máa ń wọ̀ ọ́ nígbà náà, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú. Á ká jọ sábẹ́ orúnkún, á gé mi lára. Ní báyìí, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń wọ̀ ọ́, kí n tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Mo ń yí inú rẹ̀ síta dé gìgísẹ̀, mo ń ki ìka ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí n tó fà á gòkè. Ní ìsọ̀ mi l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́ níbí, n kì í dúró sójú kan pẹ́ mọ́. Mo ń rìn lọ rìn bọ̀. Lálẹ́, ìrọ̀rí méjì lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà, okùn náà rọ̀, mo dúpẹ́. Ó ku ibi kan nítòsí ọrùn ẹsẹ̀ tí n kì í mọ̀ lára bí mo bá fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ó ń kéré sí i.