Príncipe Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Lọ: Bí Mo Ṣe San Owó Àtiwálé Lẹ́ẹ̀mejì Nítorí Kòkó

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo san owó bàálù kí n tó kúrò ní São Tomé àti Príncipe, orílẹ̀-èdè kékeré tó jẹ́ erékùsù méjì nínú òkun, padà wálé, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ká ní ẹnìkan sọ fún mi pé Príncipe, èyí tó kéré nínú méjèèjì, ni kí n kọ́kọ́ lọ ni, owó yẹn ì bá ṣì wà lápò mi. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Kòkó ló gbé mi débẹ̀. Ọmọ Ìdànrè ni mí, owó kòkó ni bàbá mi fi rán mi nílé ìwé. Nígbàkígbà tí a bá ń là kòkó lóko, wọ́n á ní erékùsù ni igi yìí ti wá bá wa. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láàárín 1820 sí 1830 ni àwọn Potogí gbé kòkó láti Bùràsíìlì wá gbìn sí Príncipe. Ibẹ̀ ló gbà dé São Tomé, ó dé Fernando Po tí wọ́n ń pè ní Bioko nísinsìnyí, kó tó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Mo ní n ó fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ ilẹ̀ tó kọ́kọ́ gbà á, n ó sì ya fọ́tò igi ibẹ̀ wá fún bàbá mi.

Tí a bá fa okùn tààrà láti Èkó dé São Tomé, kò gùn tó èyí tí a ó fà dé Kánò. Ìyẹn ló tàn mí jẹ tí mo fi rò pé ìwé ìrìnnà ECOWAS ti tó. Kò tó o. Wọn kò sí nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn ará àárín gbùngbùn Áfíríkà ni wọ́n wà. Ẹ gba físà, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. Mo ṣe gbogbo ìyẹn, mo gba Accra kọjá, mo débẹ̀.

Ètò mi dára lójú ara mi: ọjọ́ mẹ́rin ní São Tomé, ọjọ́ mẹ́ta ní Príncipe, kí n padà lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, kí n wọ bàálù Accra lọ́jọ́ kejì rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ geere. Àárín òkè ni wọ́n bí mi sí, òkúta kì í tètè yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí Pico Cão Grande, mo ní kí awakọ̀ dúró. Òkúta kan ṣoṣo tó yọ gọngọ láàárín igbó bí ìka ọwọ́, ó ga ju 300 mítà lọ láti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Iná abẹ́ ilẹ̀ ló bí i, òun náà ló bí gbogbo erékùsù wọ̀nyí láti inú òkun. Mo dé Rolas, erékùsù kékeré kan, níbi tí ìlà tó pín ayé sí méjì gbà kọjá, mo fi ẹsẹ̀ kan sí àríwá, mo fi ìkejì sí gúúsù. Mo jẹ calulu, ọbẹ̀ ẹja àti ewé tí wọ́n fi epo pupa sè, tó fẹ́ jọ ẹ̀fọ́ tiwa, pẹ̀lú gbẹ̀rẹ̀fútù sísun. Èdè Forro tí wọ́n ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Potogí ní ọ̀rọ̀ Ẹdó nínú, nítorí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ìhà Bìní ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Bàálù kékeré ló gbé mi dé Príncipe, kò gba wákàtí kan. Ọkọ̀ ojú omi wà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan rì lójú ọ̀nà yẹn ní 2019, àwọn èèyàn sì kú, n kò fi ara mi wewu. Èèyàn tó wà ní gbogbo erékùsù náà kò pé 10,000, igbó ló ni ìyókù. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ariwo odídẹrẹ́ ló jí mi. Mo jáde, mo rí ìkóódẹ nídìí wọn lókè, ọ̀wọ́ kan tẹ̀lé òmíràn. Nílé, inú àgò nìkan ni mo ti ń rí ẹyẹ yìí. Omi bọ́ lójú mi.

Mo lọ sí Sundy, oko kòkó àtijọ́ tí Arthur Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti wo bí òṣùpá ṣe bo oòrùn ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, 1919, tí wọ́n sì fi mọ̀ pé òótọ́ ni Einstein, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, sọ pé oòrùn máa ń fa ìmọ́lẹ̀ tẹ̀. Ohun tí mo wá wò ni kòkó, mo sì rí i, àwọn igi ńlá lábẹ́ òjìji. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ó bà jẹ́ pẹ̀lú. Àwọn tí wọ́n kó wá láti Angola àti Cape Verde ló ro oko wọ̀nyí, ìwé àdéhùn ni wọ́n ní wọ́n fi gbà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò padà sílé mọ́. Ní 1909, Cadbury, ilé-iṣẹ́ tó ń fi kòkó ṣe ṣokoléètì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn kò ra kòkó ibẹ̀ mọ́ nítorí rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti dùn mí.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo dé pápá bàálù lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà. Òjò ti ń rọ̀ látòru, ìkùukùu bo gbogbo òkè. Bàálù tó bá ti São Tomé wá náà ló ń kó èrò padà, tí kò bá wá, kò sí òmíràn. Aago mẹ́wàá, wọ́n ní ó ń bọ̀. Aago méjìlá, wọ́n ní ó ń bọ̀. Ọkùnrin kan tó gbọ́ òyìnbó díẹ̀ jókòó tì mí, ó gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí, ó ní níbo ni epo wà? Lóòótọ́, ní 2001 ni ìjọba wa àti tiwọn tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yóò jọ máa wa epo tó wà láàárín òkun, kí a mú ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n mú ogójì. Ó ní òun ti ń retí ogójì òun láti ìgbà yẹn. N kò rí èsì kankan fún un. Aago méjì, ọmọbìnrin tó ń gbàwé palẹ̀ mọ́, ó ní ó di ọ̀la. Mo ní ọ̀la ni bàálù Accra mi máa gbéra. Ó ní “leve leve”, ìyẹn ni pé kí n rọra. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbóná létí mi.

Lọ́jọ́ kejì, bàálù dé. Àwọn tí orúkọ wọn wà fún ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ kó. Àyè méjì ló kù, àwa tó kù nílẹ̀ látàná sì jẹ́ mọ́kànlá. Ìyá àgbà kan tó ń lọ sílé ìwòsàn gba ọ̀kan, ó tọ́ sí wọn. Èkejì, ẹni tó dé lẹ́yìn gbogbo wa ni wọ́n fún. Inú bí mi débi pé n kò lè sọ̀rọ̀. Kò sí ìwé tó sọ ẹni tó ṣíwájú! Mo fa ojú ìwé kan ya, mo kọ orúkọ àwa mẹ́sàn-án bí a ṣe dé tẹ̀lé ara wa, oníkálukú tọwọ́ bọ̀ ọ́, mo sì fà á lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́. Ìwé yẹn ni wọ́n fi pè wá lọ́jọ́ kẹta, láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni ìkẹyìn. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn yangàn.

Ṣùgbọ́n bàálù Accra ti lọ. Yúrò ọwọ́ mi ti tán, ẹ̀rọ tó ń pọwó sì ti kọ káàdì mi lẹ́ẹ̀mẹta. Màmá onílé tí mo wọ̀ sí ní kí n máa jẹun, kí n fi owó ránṣẹ́ tí mo bá dé São Tomé. Alẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ wọn mú mi lọ sí etíkun Praia Grande, a rí ìjàpá òkun tó wọ́ gòkè, tó gbẹ́ yanrìn, tó yé ẹyin, tó sì fi ẹsẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ bí abiyamọ tó ń da aṣọ bo ọmọ. Ká ní bàálù wá lásìkò ni, n kì bá tí rí i. Síbẹ̀ n kò tíì dárí ji ilé-iṣẹ́ bàálù náà.

Ní São Tomé, ọmọ Nàìjíríà kan tó ń tajà gba náírà sí àkáǹtì rẹ̀ nílé, ó ka dobra, owó ilẹ̀ wọn, fún mi, ó sì bá mi fi owó màmá ránṣẹ́. Mo san owó ìyípadà bàálù Accra, mo tún ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun láti Accra sí Èkó.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Príncipe. Tí òjò bá dá yín dúró, ọjọ́ São Tomé ni yóò jẹ, kì í ṣe bàálù ilé. Ẹ mú yúrò dání ju èyí tí ẹ rò lọ. Yúrò kan jẹ́ dobra 24.5, iye yẹn kì í yí padà.

Bàbá mi wo fọ́tò igi náà títí, wọ́n ní kí n tún un gbé wá. Wọ́n ní kí n sọ fún àwọn tó ni ín kí wọ́n ro ìdí rẹ̀, igbó ti fẹ́ fún un pa.