Nọ́ńbà Kan fún Wọkitọ́kì Mẹ́wàá: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Wọkitọ́kì tuntun kì í pẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn kí wọ́n tó gbé e padà sí Alaba tàbí Computer Village n'Ìkẹjà pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ètò inú rẹ̀ ni wọn ò tò dáadáa, owó tí wọ́n sì ń san lé e lẹ́ẹ̀kejì ń dunni gan-an.

Àkọ́kọ́, ẹ má kọ ètò tuntun sínú ẹ̀rọ láì tíì ka èyí tó wà níbẹ̀. Nínú sọ́fítíwíà rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Read (kí ó ka ti inú ẹ̀rọ), ẹ fi fáìlì yẹn pamọ́, kí ẹ tó tẹ Write (kí ó kọ tuntun sínú rẹ̀).

Ìkejì, wáyà tó so wọkitọ́kì mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ ti orí rẹ̀ títí yóò fi wọlé tán. Bí Device Manager inú kọ̀ǹpútà bá fi àmì ìyanu aláwọ̀ yẹ́lò hàn, ayédèrú chip Prolific inú wáyà olówó pọ́ọ́kú ló sábà máa ń fà á. Ẹ ra wáyà tó ní chip FTDI.

Ìkẹta, tone orí ṣánẹ́ẹ̀lì analog, ìyẹn ohùn kékeré tí ẹ̀rọ ń retí kó tó fọhùn. Bí ẹ bá fi 88.5 Hz sí RX (ìgbà) nìkan, tí TX (ìfiránṣẹ́) ṣófo lórí gbogbo wọn, iná àwọ̀ ewé á tàn lára ẹ̀rọ ẹnìkejì, ṣùgbọ́n kò ní fọhùn. Ẹ fi sí méjèèjì. Tone ò sì bo ọ̀rọ̀ yín láṣìírí o. Ẹni tó bá pa tone tirẹ̀ lórí frequency kan náà ń gbọ́ yín ketekete.

Frequency tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́, ẹ má lò ó bẹ́ẹ̀: àwọn tó ń ṣe òwàm̀bẹ̀ ní gbọ̀ngàn kejì náà lè máa lò ó. NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ló ń fúnni níwèé àṣẹ.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti Radio ID, nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ́síteèti kan ní Sùúrùlérè ra wọkitọ́kì DMR (oní-digital) mẹ́wàá. Ẹni tó ń tò ó to ọ̀kan, ó da fáìlì kan náà sínú mẹ́sàn-án yòókù. Gbogbo wọn di ID 1. Ohùn ń lọ geere, torí Group Call (ìpè sí gbogbo ẹgbẹ́) ni wọ́n ń lò, kò sì sẹ́ni tó fura. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi tẹ́ẹ́sì ránṣẹ́ sí ọlọ́dẹ géètì kejì nìkan ni gbogbo rẹ̀ dojú rú. ID ni tẹ́ẹ́sì ń tọ̀ lọ. Ẹ̀rọ mẹ́sàn-án gbà á, wọ́n dáhùn pa pọ̀ pé àwọn ti gbà á, ìdáhùn wọn kọlu ara wọn lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ tó ránṣẹ́ ò gbọ́ ohun kan pàtó, ó tún un rán, ó wá kọ ọ́ sójú pé kò lọ. Ni àwọn atúnṣe bá ní kí wọ́n lọ ra antenna!

Kí ẹ tó tẹ Write sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yí Radio ID àti orúkọ rẹ̀ padà: géètì kìíní 101, géètì kejì 102, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sínú Contacts gẹ́gẹ́ bí Private Call (ìpè sí ẹnì kan ṣoṣo). Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kékeré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bátìrì. Color Code, nọ́ńbà láti 0 dé 15 tí ẹ̀rọ DMR fi ń mọ ẹgbẹ́ rẹ̀, gbọ́dọ̀ bára mu lórí gbogbo wọn. Tẹ́ẹ́sì Group kì í gba ìdáhùn, nítorí náà “Sent” ò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni rí i. Bí ẹ bá sì da ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀, ohùn lè kọjá kí tẹ́ẹ́sì má kọjá, torí bí wọ́n ṣe ń di tẹ́ẹ́sì yàtọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó wọn sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ránṣẹ́ sí 102 nìkan. Bí 103 bá dún, ẹ tún fáìlì rẹ̀ kọ.