Bí A Ṣe Yọ Kókó Tó Wà Lẹ́yìn Guinea Pig Wa

Ní Sátidé kan, níbi tí mo ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ irun Dúdúyẹmí, guinea pig ọmọbìnrin mi, ní ilé wa ní Sùúrùlérè, ni ọwọ́ mi kan kókó kan lókè ìdí rẹ̀. Kò ju ẹ̀pà lọ, ó le, kò sì jọ pé ó ń dùn ún. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ẹran kékeré yìí, tí ó jọ ẹmọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní ìrù. Nígbà tí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kókó náà ti tó kóró àgbálùmọ̀.

Ìyá kan ládùúgbò wa gbà mí níyànjú pé kí n tẹ̀ ẹ́ bí oówo, kí n sì tú ampiclox sínú omi rẹ̀. Inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé ampicillin (tí ó wà nínú ampiclox), amoxicillin àti àwọn oògùn ẹbí penicillin máa ń pa àwọn kòkòrò tí ó ń ṣe ìfun guinea pig lóore, tí àwọn búburú yóò sì gba ipò wọn, tí wọn yóò máa tu májèlé tí ó lè pa ẹran náà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohun tí ó bí mi nínú ni pé ilé ìwòsàn ẹranko àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ, níbi tí ajá àti adìẹ ti pọ̀ jù lọ, penicillin yìí kan náà ni wọ́n fẹ́ fún un. Mo gbé àpótí mi, mo jáde.

Dókítà kejì wà ní Yábàá. Agogo méje àárọ̀ ni mo kúrò nílé, nítorí pé ooru tí ó bá kọjá ìwọ̀n Celsius 28 léwu fún guinea pig, mo sì fi aṣọ wé ike omi dídì sí ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀ nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ojúẹlẹ́gbà. Dókítà fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa nǹkan inú kókó náà: kì í ṣe ọyún, ohun funfun bí ọ̀rá tí ó dì ni. Ó ṣàlàyé pé láti gbòǹgbò irun ni irú rẹ̀ ti máa ń hù, pé ó wọ́pọ̀ níbi ẹ̀yìn wọn, pé kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n pé ó lè bẹ́ kí ó sì di egbò. A fẹnu kò sí iṣẹ́ abẹ.

Ẹnu yà mí nígbà tí ó ní kí n má ṣe fi ebi pa á. Guinea pig kì í bì, bí ìfun rẹ̀ bá sì dúró, ìyẹn gan-an lè pa á. Nítorí náà ó jẹ koríko títí di wákàtí iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì nu ẹnu rẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó fún un ní oògùn oorun.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ó le jù. Ó ká jọ sórí aṣọ funfun tí mo tẹ́ fún un kí n lè tètè rí ẹ̀jẹ̀, kò jẹun, kò sì dún rárá. Mo rẹ oúnjẹ oníhóró rẹ̀ sínú omi, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo sì ń fi síríńjì aláìlábẹ́rẹ́ ki í bọ̀ ọ́ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ń ka ìgbẹ́ rẹ̀, mo sì ń wọ̀n ọ́n láràárọ̀: láti gíráàmù 980, ó bọ́ sí 910. Oògùn ìrora tí dókítà fún wa ni mo lò, n kò fi tèèyàn kún un. Bí àwa ènìyàn, ara guinea pig kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, egbò kì í sì í jinná dáadáa láìsí i. Tàtàṣé ni mo ń gé fún un lójoojúmọ́, pẹ̀lú ewé ọ̀dùnkún.

Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n yọ òwú. Irun kò tíì bo ojú àpá náà tán, ṣùgbọ́n ó ti padà sí gíráàmù 970, bí mo bá sì ti tú náílọ́ọ̀nù tàtàṣé báyìí, ó ti ń súfèé láti inú àgò rẹ̀.