Bí a ṣe ń kọ́ kónkóló lórí piyánò

Akin Euba, tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1935, ti kọ́ piyánò ní Trinity College of Music ní London kó tó wá ṣe ìwádìí ìlù dùndún fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana. Ó kọ́ni ní Èkó, ní Ifẹ̀ àti ní Pittsburgh. Ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ jà fún, tó pè ní African pianism, ni pé ó yẹ kí piyánò lè sọ̀rọ̀ bí ìlù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó yege ìdánwò ńlá pàápàá máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀, torí sikéèlì, ìyẹn lílu àwọn nóòtì tẹ̀ léra wọn lọ sókè àti sísàlẹ̀, nìkan kò kọ́ ọwọ́ méjèèjì láti rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kónkóló, ìlù tí agogo máa ń lù léraléra, ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Má tíì fọwọ́ kan piyánò. Ka 1 dé 12 léraléra, má yára, má falẹ̀. Pàtẹ́wọ́ ní 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 11. Ẹnu rẹ á máa wí pé kón, kón, kólò, kón, kólò. Tí èyí bá ti mọ́ ọ lára, máa fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ ní 1, 4, 7 àti 10. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ẹsẹ̀ àti àtẹ́wọ́ ń pàdé: ní kón àkọ́kọ́, àti ní ibi tí kólò ìkẹyìn ti bẹ̀rẹ̀.

Nídìí piyánò, ọwọ́ òsì ló máa ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀, lórí C tó wà nísàlẹ̀ C àárín. Ọwọ́ ọ̀tún á wà lórí G òkè C àárín. Fi metronome, ẹ̀rọ tó ń dún láti fi ìwọ̀n eré hàn, sí 60 ní ìṣẹ́jú kan fún ọwọ́ òsì. Ìka ìfábẹ̀lá ni kó lu kón. Fún kólò, ìka àárín lu àkọ́kọ́, ìfábẹ̀lá lu èkejì, lórí kíì kan náà. Bí ìka kan ṣoṣo bá lu méjèèjì, ọrùn ọwọ́ á le nígbà tí eré bá yá, ohùn kejì á sì máa pòórá. Lu kíì, kí o sì tú ọwọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fífi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tó ti dún kò mú kí ohùn náà ròkè sí i. Má tẹ pẹ́dàlì rárá, ó máa ń da àwọn ìró pọ̀.

Ní 4 àti 7 ni nǹkan ti sábà ń bàjẹ́. Ọwọ́ òsì nìkan ló ń dún níbẹ̀, nítorí náà ó máa ń fẹ́ sáré bá ọ̀tún. Yọ ibẹ̀ sọ́tọ̀: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún ní 3, 4, 5, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún ní 6, 7, 8. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jìnnà síra lọ́gbọọgba. Ìgbà tó bá dá ọ lójú ni kí o dá a padà sínú odindi.

Fi 4 kún metronome lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí dé 120. Lẹ́yìn náà, gbé kónkóló fún ọwọ́ òsì, kí o sì padà sí 60.