Ewé Tútù Kọ́ Ni Ẹ̀rí: Ìtọ́sọ́nà fún Olóko àti Àwọn Tó Ń Já Ebòlò àti Wọ̀rọ̀wọ́

Nígbà tí ọkọ́ àti àdá ni a fi ń ro oko, kò sí ewu nínú kí ìyá kan já ebòlò lẹ́bàá oko olóko. Nísinsìnyí alágbàṣe ti wọ́n, oògùn koríko ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fín, títí dé abẹ́ kòkó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Èkìtì, níbi tí wọ̀rọ̀wọ́ ti ń fà lábẹ́ òjìji. Ẹ̀fọ́ tí àwọn obìnrin ń já tà láti fi sanwó ilé-ìwé ọmọ ni oògùn náà ń bà lé.

Àṣìṣe kan ni ìwé yìí wà fún, ó sì ti sú wa láti máa rí i. Ẹ rí ewé tó tutù yọ̀yọ̀, ẹ ní wọn ò tíì fín ibẹ̀. Glyphosate, ọ̀kan nínú àwọn oògùn koríko náà, kì í jó ewé lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń wọ inú ewé lọ sí gbòǹgbò, ó sì lè tó ọjọ́ 4 sí 7 kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni ẹ ń já a! Ẹ má sọ fún wa pé ẹ ó fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, tàbí pé ẹ ó bọ̀ ọ́. Ohun tó ti wọ inú ewé kò ṣeé fọ̀ kúrò, iná kò sì ràn án.

Ti paraquat, oògùn koríko mìíràn, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin dè é láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2024. Ẹ má fín in mọ́ rárá.

Ẹ̀yin olóko, kí ẹ tó fín, ẹ ri igi 4 mọ́ igun oko, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn láti fi hàn pé ẹ fín ibẹ̀, kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 30. Ẹ fi tó àwọn obìnrin abúlé létí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ má fín bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Ẹ fi ìgbésẹ̀ 10 sílẹ̀ létí odò àti níbi tí wọ̀rọ̀wọ́ bá pọ̀ sí. Àdá ni kí ẹ lò níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tó ti ń já ẹ̀fọ́ níbẹ̀ láti kékeré kò mọ ohun tí ẹ fín lánàá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń já ẹ̀fọ́, bí ẹ ò bá rí aṣọ pupa, ẹ bi olóko. Bí ẹ ò bá rí olóko, ẹ fi ẹ̀fọ́ náà sílẹ̀. Wọ̀rọ̀wọ́ tó tún rú lára ìtàkùn tí wọ́n fín, ẹ má tà á, ẹ má sì jẹ ẹ́.

Ohun tó dára jù ni kí ẹ gbin wọ̀rọ̀wọ́ sẹ́yìnkùlé. Ẹ gé ìtàkùn tó gbó láti ibi tí wọn kò fín, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, kó ní oríkèé 3. Ẹ ri oríkèé 2 mọ́lẹ̀ lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ìdajì mítà wà láàárín ìkan sí èkejì, kí ẹ sì bomi rin ín láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2. Ní ti ebòlò, nínú 10 tó hù, ẹ má já 3. Bí orí wọn bá ti funfun bí òwú, ẹ gbọ̀n wọ́n sórí ilẹ̀ rírọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó gbé wọn lọ, ẹ má sì fi erùpẹ̀ púpọ̀ bò wọ́n.